Kásẹ́ẹ̀tì Sùtánà Màmá Rẹ

Títílayọ̀, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún rèé tí mo dúró sí ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, tí mò ń wo ẹ̀yìn rẹ títí o fi wọlé. Orí kàlẹ́ńdà ìjọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì ni mo ti ń kà á. Oṣù márùn-ún àti ọjọ́ díẹ̀ sì rèé tí màmá rẹ ti fi wá sílẹ̀. Ìyẹn ni mi ò kà lórí kàlẹ́ńdà kankan. Ara mi ló ń kà á.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé o gúnlẹ̀ sí Nàìróbì láyọ̀, mo sì dúpẹ́ pé iṣẹ́ tuntun náà tẹ́ ọ lọ́rùn. Nígbà tó o sọ pé ilé iṣẹ́ yín ló ń fi fíìmù ránṣẹ́ sínú fóònù àwọn èèyàn káàkiri Áfíríkà, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún yá àwọn ará Agége ní kásẹ́ẹ̀tì fíìmù, ọmọ mi ló wá ń ṣe irú iṣẹ́ náà fún odindi ilẹ̀ Áfíríkà, láìfọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì kankan. Màmá rẹ ì bá jó.

Àmọ́ kì í ṣe ọpẹ́ nìkan ni mo fẹ́ kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti bi mí léèrè kásẹ́ẹ̀tì tí màmá rẹ ti gé sùtánà: ní pápákọ̀ òfurufú, lọ́jọ́ tó o débẹ̀, àti ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá. O ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kódà bí òjò bá ti bà á jẹ́, ẹ ṣáà bá mi wá a. Àwọn kan wà níbí tó lè tún un ṣe." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dáhùn pé màá wá a. Àbẹ̀kẹ́, òjò kọ́ ló ba kásẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ́. Èmi ni. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí pé ohùn rẹ ti jọ ti màmá rẹ jù. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sórí ìwé. Màá ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, màá sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Jọ̀ọ́, kà á tán kó o tó pè mí.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. O ò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí ìyá màmá rẹ ń ṣàìsàn ní Ìjẹ̀bú, tó di dandan kí màmá rẹ lọ tọ́jú wọn fún oṣù kan gbáko. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, Sístà Bísí ni àgbà wọn, ìkórè ìjọ sì ti ń sún mọ́lé. Ta ló máa gé sùtánà? O mọ̀ pé màmá rẹ kì í kọ́kọ́ gé e sórí bébà bíi tàwọn tó kù. Á tẹ́ aṣọ funfun náà sórí tábìlì, á fi ìka ọwọ́ wọ̀n ọ́n, á fa ṣọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti parí. Sístà Bísí ń sunkún pé òun ò lè dá a ṣe láìsí ọ̀gá òun. Èmi ni mo ní, "Ẹ jẹ́ ká yà á ní fídíò." Mo yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń ya fídíò ìgbéyàwó, èmi fúnra mi ni mo sì gbé e dání.

Wákàtí kan ààbọ̀ ni màmá rẹ fi gé sùtánà lójú kámẹ́rà: ara rẹ̀, ọrùn rẹ̀, apá rẹ̀, títí dé àmùrè. Ó ń bá Sístà Bísí wí nínú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n jọ dúró. "Bísí, má wo ojú mi, ojú mi kọ́ ló ń gé aṣọ. Ọwọ́ mi ni kó o wò."

O rántí eyín pẹlẹbẹ tó máa ń wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì? Tí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ, ẹ̀rọ ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni tún gba nǹkan mìíràn lé ohun tó wà lórí ẹ̀. Èmi ni mo fi han màmá rẹ. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti fi ẹnu síṣọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣẹ́ ẹ. Ó ní, "Ó parí. Bàbá Títí, kò sẹ́ni tó máa gba ìjà àwọn ará Ṣáínà lé mi lórí." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó kọ SÙTÁNÀ sára kásẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú bírò pupa, ó sì lọ sí Ìjẹ̀bú. Sístà Bísí gé sùtánà méjìdínlógún nínú oṣù yẹn. Kò sí èyí tí wọ́n dá padà.

Ìyẹn lọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì. Wàyí o, ti íńtánẹ́ẹ̀tì.

O ti parí sẹ́kọ́ndírì, ò ń retí yunifásítì, o sì ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Computer Village nígbà tí àwọn ìkànnì fídíò wọ̀nyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. O sáré wọ ṣọ́ọ̀bù fíìmù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. O ní, "Dádì, ìkànnì kan ti wà báyìí tí ẹnikẹ́ni lè gbé fídíò tiẹ̀ sí, gbogbo ayé á sì máa wò ó lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo ní, "Lọ́fẹ̀ẹ́? Kí wá ni onífíìmù máa jẹ?"

O fà mí lọ sí kafẹ́ kan kí n lọ fojú ara mi rí i. Àwòrán náà ò ju páálí ìṣáná lọ. Ọkùnrin kan ń jó nínú ẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Òrùka kékeré kan ń yí lójú ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ó tún dúró. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ni kafẹ́ fi bojú wẹ̀yìn. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé arọ yìí ló máa wá lé mi nídìí iṣẹ́?" Fún odindi oṣù kan, gbogbo ẹni tó wá yá fíìmù ni mo fi ìtàn ọkùnrin tí ò lè gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ pa lẹ́rìn-ín.

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ wà. Òrùka tó ń yí ni mo rí lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí àwọn tó jókòó tì í. Kafẹ́ yẹn kún fọ́fọ́, ooru mú, àwọn ọ̀dọ́ fi èjìká kan ara wọn, wọ́n sì ń dúró de ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó dìde lọ sílé. Níbi iṣẹ́ rẹ, nǹkan tuntun tí kò tíì dáa á pọ̀, àwọn àgbà bíi tèmi á sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Má kọ́kọ́ béèrè bóyá ó dáa. Wò ó bóyá àwọn èèyàn gbà láti dúró dè é. Ká ní mo wo àwọn tó dúró ni, ǹ bá ti palẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì mi mọ́ lọ́dún méjì ṣáájú ìgbà tí ebi ràn mí lọ́wọ́ láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ fún màmá rẹ pé kí ẹ gbé sùtánà sórí ìkànnì náà. Èmi ta kò ó. Mo ní gbogbo ayé máa kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, a ò sì ní rí ẹni tó máa gbé aṣọ wá mọ́. Ó ń fi òwú sẹ́nu abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹni tó bá wò mí tó sì lè gé e, kó máa gé e lọ. Ẹni tí ò bá lè gé e á ti mọ ẹni tó máa gbé e wá fún."

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ lọ. Mo bínú, mi ò tẹ̀ lé yín. Ẹ ní ẹ̀ńjíníà kan so ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ wá lọ ra wákàtí ní kafẹ́. Iná lọ nígbà tí fídíò náà kù díẹ̀ kó wọlé, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kú, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ délé lọ́jọ́rọ̀, màmá rẹ gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ìwọ sì ń pariwo láti ẹnu géètì pé, "Ó ti wọlé! Mọ́mì ti wọ íńtánẹ́ẹ̀tì!"

Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn: ó ti wọlé. Nínú iṣẹ́ tiwa, tá a bá da kásẹ́ẹ̀tì kọ sórí òmíràn, a máa ń fi sínú ẹ̀rọ ni, á sì yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí pé à ń mú díẹ̀. Kò wá sọ́kàn mi rárá pé ìkànnì ìgbà yẹn kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mi ò béèrè, torí pé mo ṣì ń bínú.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, oníbàárà mi kan fẹ́ fíìmù kan, òfìfo kásẹ́ẹ̀tì sì ti tán lọ́wọ́ mi. Mo gbójú sókè, mo rí SÙTÁNÀ lórí pákó. Mo sọ fún ara mi pé, kí la tún ń fi èyí ṣe? Ṣebí ó ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo gé sẹ́lótéèpù kékeré, mo fi bo ojú ibi tí màmá rẹ ti ṣẹ́ eyín rẹ̀, ẹ̀rọ sì gbà. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àbẹ̀kẹ́, fíìmù ìjà Ṣáínà ni.

Oníbàárà náà wò ó, ó dá a padà, mo sì gbé e sípò rẹ̀. Sátidé kan ni Sístà Bísí wá láti ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, ó ní òun fẹ́ tún apá sùtánà wò. Màmá rẹ fúnra rẹ̀ ló fi kásẹ́ẹ̀tì sẹ́rọ. Ọkùnrin kan fò jáde, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Sístà Bísí bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú màmá rẹ, ó sáré lọ pa tẹlifíṣọ̀n.

Mo ní, "Ṣebí ó ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

Màmá rẹ ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni, Bàbá Títí. Ara sùtánà nìkan. Kò tíì dé ọrùn."

Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó wé e sínú ọ̀rá. Nígbà tó o dé lálẹ́ ọjọ́ náà, o ní o fẹ́ gbé apá kejì sórí ìkànnì. Kí n tó lanu, màmá rẹ ní, "Òjò ti rọ̀ sí i. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù dádì rẹ ló jò." Ojú rẹ ló ń wò, kò wo tèmi.

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Èmi àti ìwọ ò kí ara wa dáadáa lákòókò yẹn, torí pé mo ti pe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ àwọn ọmọ játijàti. Ó mọ̀ pé tó o bá gbọ́ èyí, á nira kó o tó tún pè mí ní Dádì. Ó gbé ẹ̀bi náà lé òrùlé, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. O mọ̀ pé a máa ń jà, o gbọ́ ohùn wa. Kò fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn bú mi rí, lọ́jọ́ kankan, títí ó fi lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Èyí ni èkejì. Tí ẹnì kan bá fi ìfẹ́ bo àṣìṣe rẹ, dúpẹ́, àmọ́ má gbé ibẹ̀. Lọ sọ ọ́ fúnra rẹ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, nígbà tó ṣì kéré. Mo jẹ́ kí irọ́ kékeré tí ìyàwó mi fi ṣàánú mi di ohun tí mò ń gbé káàkiri títí tí irun mi fi funfun.

Fún oṣù mélòó kan, èèyàn mọ́kànlá ló wo fídíò màmá rẹ, mo sì fura pé àwa mẹ́ta la wò ó jù. Nígbà tó yá, íńtánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í yá, òrùka yẹn dín yíyí kù, fídíò dé inú fóònù. Obìnrin kan láti Kòtónù ló kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, apá rẹ̀ ńkọ́?" Ẹnì kan kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kan láti Kùmásì, ìbéèrè kan náà ni: apá rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ìgbà tó o bá kà á sókè, mo máa ń wá ibi kan lọ. Màmá rẹ á fi awò sójú, á fi ìka kan ṣoṣo tẹ fóònù: ẹ wọ̀n ọ́n láti egungun èjìká, ẹ fi ìka mẹ́ta kún un. Kò fi ẹnì kan sílẹ̀ láìdá lóhùn. Máa rántí ìyẹn, tí wọ́n bá ń ka iye àwọn tó wo fíìmù yín fún ọ ní ìpàdé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní aṣọ tó fẹ́ rán.

Bí ti màmá rẹ ṣe ń gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni tèmi ń kú. Kò sẹ́ni tó yá fíìmù mọ́. Oníbúrẹ́dì ló ra pákó tí mò ń to kásẹ́ẹ̀tì sí, ó ń to búrẹ́dì sí i títí dòní. Mo jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mò ń bá gbogbo ayé jà lọ́kàn mi. Màmá rẹ ní, "Bàbá Títí, ẹ wá máa bá mi lọ aṣọ, kí áyọ́ọ̀nù yéé jó àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́." Mo lọ. Mi ò padà wálé mọ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni a fi dúró sí ìdí tábìlì kan náà, òun ń gé, èmi ń lọ, a ń jẹ ẹ̀pà, a ń sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn lẹ́yìn.

Mo ti kórìíra àwọn ìkànnì fídíò wọ̀nyẹn tọkàntọkàn. Ọmọ mi, bí wọn ò bá lé mi kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ibẹ̀ ni ǹ bá jókòó sí títí màmá rẹ á fi kú, tí mi ò ní mọ̀ pé orin ló máa ń kọ tó bá ń fa ṣọ́ọ̀kì. Ohun tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ló fún mi ní ìyàwó mi. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Tí ilé iṣẹ́ yín bá yí ọ nípò lọ́jọ́ kan, sunkún díẹ̀, kó o wá wo ẹni tó dúró sí ìdí tábìlì kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tó o béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, mo ṣí àpótí màmá rẹ. Mi ò tíì ṣí i látìgbà tó ti lọ. Ọ̀rá yẹn wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo gbé e lọ sí Computer Village. Ọ̀pọ̀ wọn wò mí bí ẹni tó wá ta egungun. Ọ̀kan tó ń tún nǹkan ṣe ní, "Bàbá, gómìnà wo ló wà lórí àlééfà nígbà tí ẹ ra èyí?" Àmọ́ ó ní ẹ̀rọ kan lábẹ́ tábìlì. Ó fi í sínú ẹ̀, ìjà bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó, mò ń wò ó. Ó tó wákàtí kan kó tó bi mí pé, "Bàbá, ṣé torí fíìmù yìí lẹ ṣe wá láti Agége?"

Mo ní, "Ìyàwó mi ló wà lábẹ́ ẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga tó ní ìtìlẹ́yìn fún mi.

Àbẹ̀kẹ́, fíìmù náà kúrú díẹ̀ ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Nígbà tó parí, ojú tẹlifíṣọ̀n funfun, ó ń hó yààà, màmá rẹ sì jáde. Apá sùtánà ti wà lára rẹ̀, wọ́n ti gé e tán. A ò rí bó ṣe gé e. Ó ń ká aṣọ náà ni. Ìwọ náà sáré wọlé láìwọ bàtà. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí aṣọ Olúwa!" O bú sẹ́kún. Ó gbé ọ sí ìbàdí, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó ní, "Bàbá Títí, ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀. Ẹ gbé nǹkan yẹn sílẹ̀ kí ẹ wá jẹun." O gbọ́ ohùn mi: "Ó kù díẹ̀." Ó parí síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Ọkùnrin náà ti dà á kọ sórí fóònù mi, yóò dé ọwọ́ rẹ tẹ̀ lé lẹ́tà yìí. Ọdún tí mi ò lè kà ni mo fi rò pé mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, torí pé mi ò nígboyà láti wo fíìmù kan dé òpin. Nítorí náà, níbi iṣẹ́ rẹ, ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó o pa rẹ́, wò ó tán ná.

Bínú sí mi tó o bá fẹ́. Ó tọ́ sí ọ. Àmọ́ ṣáà máa jẹun, má fi tíì nìkan sùn, wá ìjọ kan lọ ní Sọ́ńdè, tó o bá sì ti bínú tán, pè mí. Màá gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

Sístà Bísí gbé aṣọ funfun wá ní Sátidé ìjẹta. Mo di fóònù mú, òun sì gé apá sùtánà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró nu ojú. Nígbà tó fẹ́ wọ̀n ọ́n, mo ní, "Ìka mẹ́ta, Bísí, kì í ṣe méjì." Ó ní, "Bàbá Títí, ẹ̀yin náà ti di ọ̀gá mi." Ọwọ́ màmá rẹ kọ́, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ ni. Mi ò tíì gbé e sórí ìkànnì. Ìwọ lo gbé ti àkọ́kọ́ síbẹ̀, ìwọ ni màá dúró dè.

Ẹnì kan tún kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà láàárọ̀ yìí: apá rẹ̀ ńkọ́? Mi ò wá ibi kankan lọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi awò màmá rẹ sójú, mo sì dá a lóhùn. Ní gbogbo Sátidé, tí mo bá ti lọ aṣọ tán, màá máa jókòó sídìí tábìlì yẹn, màá sì máa dá wọn lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ.